Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olóòtú jọ́nà sáyẹ́ǹsì: Ẹ jẹ́ ká rí ohun tí àwọn olùyẹ̀wò kọ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe kò rọrùn: àpilẹ̀kọ ń rọ́ wọlé lójoojúmọ́, ẹni tó lè yẹ̀ wọ́n wò kò tó nǹkan, òǹkọ̀wé ń kánjú, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé náà ń kánjú. Mo wà lára àwọn tí ẹ máa ń kọ̀wé sí pé kí wọ́n wá bá yín yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, mo sì tún wà lára àwọn tó ń fi iṣẹ́ tiwọn sọ́wọ́ yín, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí níhà méjèèjì. Ohun kan ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá ti tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ohun tí àwọn olùyẹ̀wò, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, kọ nípa rẹ̀ jáde mọ́ ọn, pẹ̀lú èsì tí òǹkọ̀wé fún wọn, àti lẹ́tà tí ẹ̀yin fúnra yín fi ṣe ìdájọ́. Kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á rí i kà.

Ẹ kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. EMBO Journal, jọ́nà ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ti ń ṣe é láti 2009. Ní 2016, Nature Communications bẹ̀rẹ̀ sí í fi lọ àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2025, Nature, jọ́nà sáyẹ́ǹsì olókìkí, kéde pé àpilẹ̀kọ ìwádìí èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn, tí àwọn sì gbà, àbọ̀ àwọn olùyẹ̀wò yóò máa bá a jáde. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn jọ́nà ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àbọ̀ wọ̀nyí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ti ilẹ̀kùn náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò lónìí ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìwáṣẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, sáyẹ́ǹsì yóò dojú dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Henry Oldenburg dá jọ́nà Philosophical Transactions sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1665, òun gan-an ló ń pinnu ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tí Watson àti Crick fi ṣàlàyé bí DNA, ohun tó ń gbé àbùdá láti òbí sí ọmọ, ṣe rí, tí Nature tẹ̀ ní 1953, kò dé ọwọ́ olùyẹ̀wò kankan. 1973 ni Nature ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ rí iṣẹ́ kó tó jáde. Àṣà tí àwọn tó ṣì wà láàyè rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni, kò sì sí èèwọ̀ nínú kí a tún un ṣe.

Ìtàn kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1936, Albert Einstein àti Nathan Rosen fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí jọ́nà Physical Review. Wọ́n ní àwọn ti fi ìṣirò fi hàn pé kò sí ìgbì òòfà (gravitational waves), ìyẹn ìgbì tí Einstein fúnra rẹ̀ ti sọ ní 1916 pé ó yẹ kó máa tàn kálẹ̀ nígbà tí àwọn ohun tó wúwo gan-an bá ń yí ara wọn po ní òfurufú. John Tate tó jẹ́ olóòtú fi iṣẹ́ náà han olùyẹ̀wò kan. Ojú ìwé mẹ́wàá ni olùyẹ̀wò náà kọ padà, ó sì tọ́ka sí ibi tí ìṣirò náà ti wọ́. Inú bí Einstein. Ó ní òun fi iṣẹ́ òun ránṣẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, òun kò yọ̀ǹda kí wọ́n fi han ẹnikẹ́ni kó tó jáde, ó sì gbà á padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àpilẹ̀kọ náà máa fi jáde nínú Journal of the Franklin Institute ní 1937, àbájáde rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Olùyẹ̀wò náà, Howard Percy Robertson, ti bá Leopold Infeld, tó ń bá Einstein ṣiṣẹ́ ní Princeton, jókòó ti ìṣirò náà títí àṣìṣe rẹ̀ fi hàn, láìsọ fún un pé òun ni jọ́nà gbé iṣẹ́ náà fún.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ti tóbi tó. Ẹnì kan fara balẹ̀ tẹ̀lé ìṣirò ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún, ó rí ibi tó ti ṣì í, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì gba orúkọ Einstein lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbá ìgbì òòfà mú ní tòótọ́ ní 2015, Physical Review Letters, tó jẹ́ ọmọ ìyá jọ́nà tí Einstein bínú sí, ni wọ́n ti kéde rẹ̀ ní 2016. Robertson kò rí ọjọ́ náà. Ó ti kú láti 1961. Kò sì sí ẹ̀rí fún aráyé pé òun ló ṣe iṣẹ́ yẹn títí di 2005, nígbà tí Daniel Kennefick, onítàn sáyẹ́ǹsì, kọ̀wé nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ti jọ́nà náà wò, tí orúkọ Robertson sì wà níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé àádọ́rin ọdún. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé irú ojú ìwé mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, mélòó ló ti kú sínú fáìlì yín?

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ni tó bẹ́ẹ̀. Ní 1998, Fiona Godlee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àpilẹ̀kọ kan tí jọ́nà ìṣègùn BMJ ti fẹ́ tẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ki àṣìṣe 8 bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò 420. Àwọn 221 dá àbọ̀ padà. Ní ìpíndọ́gba, àṣìṣe 2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rí, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò sì rí ẹyọ kan. Ní 2014, àpérò NeurIPS, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kà sí bí jọ́nà ńlá, kó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn àpilẹ̀kọ tó wọlé fún ìgbìmọ̀ méjì tí wọn kò mọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Ju ìdajì lọ nínú èyí tí ìgbìmọ̀ kan gbà ni ìgbìmọ̀ kejì kọ̀.

N kò kó ìwọ̀nyí wá láti dójú ti àwọn olùyẹ̀wò. Èmi náà wà lára wọn. Ọ̀mọ̀wé méjì lè ka iṣẹ́ kan náà kí wọ́n má sì fohùn ṣọ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń ka àpilẹ̀kọ náà kò lè mọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń rí: pé àwọn akẹgbẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹni méjì ló fi ọ̀sẹ̀ kan tú u palẹ̀ ni, àbí ẹnì kan ló fi ogún ìṣẹ́jú kọ ìlà mẹ́ta? Èdìdì kan náà lẹ ń lù lé méjèèjì. Ní kóòtù, adájọ́ kì í kàn sọ pé lágbájá jàre kó sì dìde. Ó gbọ́dọ̀ ka ìdí rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìdájọ́ tiyín ni a ń gbọ́, a kì í gbọ́ ìdí.

Ẹ rántí oṣù karùn-ún ọdún 2020. Lancet, jọ́nà ìṣègùn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó ní òun gbé ìsọfúnni aláìsàn 96,032 yẹ̀wò, pé oògùn hydroxychloroquine ń pa àwọn tó ní kòrónà lára. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò tí wọ́n ń fi oògùn náà ṣe dúró. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fagi lé àpilẹ̀kọ náà, torí pé ilé-iṣẹ́ tó ní dátà náà wà lọ́wọ́ òun, Surgisphere, kọ̀ láti kó o sílẹ̀ kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn òǹkàwé lásán ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń béèrè pé àwọn ilé ìwòsàn wo ni dátà yìí ti wá. Ǹjẹ́ àwọn olùyẹ̀wò béèrè ìbéèrè yẹn kó tó jáde? Bí wọ́n bá béèrè, kí ni èsì tí wọ́n gbà? Àbọ̀ wọn kò bá àpilẹ̀kọ náà jáde, nítorí náà dókítà tó ń pinnu ohun tó máa fún aláìsàn rẹ̀ kò ní ọ̀nà kankan láti mọ bí àyẹ̀wò náà ti jinlẹ̀ tó.

Èrú tún wà níbẹ̀. Ní 2014, Journal of Vibration and Control fagi lé àpilẹ̀kọ 60 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí wọ́n rí i pé àwọn kan ti fi orúkọ èké àti ímeèlì èké sọ ara wọn di olùyẹ̀wò. Ní 2023, àwọn jọ́nà Hindawi, tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Wiley, fagi lé àpilẹ̀kọ tó ju 8,000 lọ. Irú èyí máa ń gbèrú níbi tí ojú kò tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ojú ti tó o. Ní àìpẹ́ yìí, olùwádìí kan ní Spéìnì jókòó ti àbọ̀ àyẹ̀wò tí àwọn jọ́nà kan ti tẹ̀ jáde, ó sì ṣàkíyèsí pé gbólóhùn kan náà ló ń jáde nínú àbọ̀ lórí àwọn iṣẹ́ tí kò bára wọn tan rárá. Àwọn olùyẹ̀wò kan ló ń dà á kọ láti ibì kan sí ibòmíràn, tí wọ́n sì ń fi kún un pé kí òǹkọ̀wé tọ́ka sí àpilẹ̀kọ tiwọn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé rí ni pé àbọ̀ náà wà ní gbangba. Bí ó bá jẹ́ inú fáìlì olóòtú ni wọ́n wà ni, olóòtú kọ̀ọ̀kan ì bá rí ẹyọ kan, ì bá sì gbà pé ó dáa.

Ọ̀rọ̀ kí òǹkọ̀wé tọ́ka sí iṣẹ́ olùyẹ̀wò yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lọ́dọ̀ mi. Olùyẹ̀wò kan ti kó àpilẹ̀kọ jọ fún èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí pé a gbọ́dọ̀ tọ́ka sí wọn kó tó lè gba iṣẹ́ wa. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ mọ́ iṣẹ́ wa; orúkọ ẹnì kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Olóòtú fi ránṣẹ́ sí wa bó ṣe wà, láìfi ọ̀rọ̀ kan tiẹ̀ lé e. Ẹni tó bá mọ̀ pé gbogbo ayé ni yóò ka ohun tí òun kọ kò ní kọ irú rẹ̀. Olóòtú tó bá mọ̀ pé wọn yóò ka lẹ́tà òun kò ní fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ AI, n kò ní pẹ́. Ìwádìí kan ní 2024 lórí àwọn àpérò ńlá mélòó kan nínú ìmọ̀ yẹn fojú bù ú pé láàárín ìdá 6.5 sí 16.9 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó wà nínú àbọ̀ àyẹ̀wò wọn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́ tàbí ló tún un kọ. Ní 2025, ìwé ìròyìn Nikkei rí àpilẹ̀kọ 17 lórí arXiv, ibi tí àwọn olùwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí àwọn òǹkọ̀wé wọn fi lẹ́tà funfun tí ojú kò lè rí pa á láṣẹ fún ẹ̀rọ tí olùyẹ̀wò bá gbé iṣẹ́ náà fún pé kó yìn wọ́n. Ẹ ti ń ṣòfin lórí èyí, ẹ kú ìtiraka. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ wò bóyá wọ́n pa á mọ́ kò ní agbára púpọ̀. Àbọ̀ tí kò ní ohun kan pàtó láti sọ nípa iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ máa ń hàn sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní kíákíá, bí a bá jẹ́ kó rí i.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní àwọn olùyẹ̀wò yóò sá, pé ẹni tó kù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù yín kì í ṣe asán. Nígbà tí BMJ dán an wò, tí wọ́n sọ fún àwọn olùyẹ̀wò kan pé ó ṣeé ṣe kí àbọ̀ wọn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó kọ̀ pọ̀ sí i, àwọn tó gbà á sì pẹ́ sí i lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò burú sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé Elsevier náà dán an wò nínú jọ́nà márùn-ún, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, títẹ àbọ̀ jáde kò lé àwọn olùyẹ̀wò sá ní ọ̀nà tó ṣe gbòógì. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí orúkọ wọn jáde: ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n jàre. Ọ̀dọ́ olùwádìí tó sọ òótọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan lónìí lè rí i pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà ló jókòó sórí àga ìgbìmọ̀ tó máa pín owó ìwádìí lọ́la. Nítorí náà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni kó jáde.

Orúkọ òǹkọ̀wé sì rèé, èyí tí ẹ kì í sábà pamọ́. Ní 2022, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àpilẹ̀kọ ètò ọrọ̀ ajé tí Vernon Smith, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, àti Sabiou Inoua, tí orúkọ rẹ̀ kò tíì tàn, jọ kọ. Wọ́n fi àpilẹ̀kọ kan náà han ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò. Nígbà tó jẹ́ orúkọ Inoua nìkan ló wà lórí rẹ̀, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní kí wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tí kò sí orúkọ kankan, ó di 48. Nígbà tí orúkọ Smith wà níbẹ̀, ó já sí 23. Wọn kò yí lẹ́tà kan padà nínú iṣẹ́ náà. Mo ti ka ìwádìí yìí ní àkàtúnkà, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ ní gbogbo ìgbà, nítorí iye àwọn ọmọ tí iṣẹ́ wọn dára tí wọ́n ti ti ẹnu ọ̀nà yín padà sílé. Ẹ bo orúkọ òǹkọ̀wé títí àyẹ̀wò yóò fi parí. Mo mọ̀ pé nínú ìmọ̀ kéékèèké, tí gbogbo èèyàn mọ ara wọn, olùyẹ̀wò lè mọ ẹni náà. Ẹ ṣáà bò ó.

Àwọn iṣẹ́ tí ẹ kọ̀ ńkọ́? N kò ní kí ẹ tẹ àbọ̀ wọn jáde; òǹkọ̀wé ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lè gbé e lọ sí jọ́nà mìíràn pẹ̀lú ìfọwọ́sí yín, kí ẹni tuntun má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rosalyn Yalow tọ́jú lẹ́tà tí jọ́nà kan fi sọ ní 1955 pé àwọn kò gba iṣẹ́ òun àti Solomon Berson lórí insulin, ó sì fi hàn nínú ọ̀rọ̀ tó sọ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Ó ṣe aráyé láǹfààní pé ó tọ́jú rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó bá gba Nobel nìkan ni a ó máa rí lẹ́tà rẹ̀.

Èyí tó wà lókè ọkàn mi jù ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, ímeèlì kàn dé pé kí o wá ṣe é, o sì bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè tó lè, tí wọn kò sì bú u, kò rí ibi tí yóò ti wò ó. Bẹ́ẹ̀ àpẹẹrẹ rere kún ọwọ́ yín. Olùyẹ̀wò kan tí n kò mọ̀ dòní ti sọ fún mi rí pé ohun tí mo rò pé ó fa àbájáde mi lè má jẹ́ òun, ó sì kọ ìgbésẹ̀ tí mo lè fi mọ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ìwé yẹn ju nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ì bá ti kà á.

Àwọn kan fojú bù ú pé àkókò tí àwọn olùyẹ̀wò lágbàáyé fi ṣe iṣẹ́ yìí ní 2020 nìkan ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù wákàtí lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò gba kọ́bọ̀. N kò béèrè owó nínú lẹ́tà yìí. Mo ń béèrè pé kí iṣẹ́ náà hàn, kí ẹni tó ṣe dáadáa lè tọ́ka sí i, kódà bó bá jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ló wà níbi tí orúkọ ì bá wà.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ohun tó kù kò le. Ẹ fi gbólóhùn kan kún ìwé tí ẹ fi ń pe olùyẹ̀wò, pé àbọ̀ rẹ̀ yóò jáde bí ẹ bá gba àpilẹ̀kọ náà, kó lè mọ̀ kó tó dáhùn. Ẹ má fi àbọ̀ tí ẹnì kan kọ nígbà tí òfin yín jẹ́ àṣírí síta. Ẹ pa ìlérí yẹn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ èébú bá wà nínú àbọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ kó tún un kọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé rárá. Ẹ tẹ lẹ́tà tiyín náà, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ìdájọ́: nígbà tí olùyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá ní iṣẹ́ náà dára, tí ìkejì ní kò dára, ẹ sọ èwo nínú àwọn ìdí wọn ni ẹ gbà àti ìdí tí ẹ fi gbà á. Ẹ má ka ìbò. Kí ẹ sì kéde ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní gbangba, kí àwa tí ẹ ń pè lè múra sílẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ yìí,

Olùwádìí kan tó tún jẹ́ olùyẹ̀wò fún yín